Fóònù Ọ̀gá Àgbà Tó Kọ̀ Láti Gbaná

Ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá rántí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, inú a máa bí mi, ẹ̀rín a sì tún máa pa mí, n kì í mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì.

Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ omi ni. Bó bá ti kẹ̀yìn báyìí, Mo-Fọwọ́-Sí-I ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù láyé nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá síwájú rẹ̀, kì í kà á. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ìwé kíkà. Yóò gbé bírò sókè títí gbogbo yàrá yóò fi rí i, yóò wá fi ohùn tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá kéde pé, "Mo fọwọ́ sí i!" Igbákejì rẹ̀ yóò sì pàtẹ́wọ́. Ó ti fọwọ́ sí bébà tí akọ̀wé rẹ̀ fi wé búrẹ́dì rí, Igbákejì sì pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, páìpù ńlá kan ti bẹ́ níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń tú omi sójú títì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ká ṣòkòtò sókè kí wọ́n tó lè kọjá, ẹ̀rọ omi inú ilé gbogbo àdúgbò sì gbẹ táútáú. Ẹ ó rò pé páìpù yìí ló wà lọ́kàn Ọ̀gá Àgbà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n nìyẹn! Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣáájì fóònù wọn níbi iṣẹ́.

"Olè ni yín!" ló fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. "Iná tí ìjọba ní ká fi fa omi, ẹ ń rọ ọ́ sínú fóònù, ẹ ń gbé e lọ sílé! Ó tó gẹ́ẹ́! Láti òní lọ, n kò fẹ́ rí ihò iná kan ṣoṣo lára ògiri ilé yìí tí ènìyàn lè ki nǹkan bọ̀!"

"Háà, Ọ̀gá!" Igbákejì di orí mú. "Ọgbọ́n yìí ti pọ̀ jù fún ọdún kan. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú díẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀."

Lẹ́yìn pátápátá níbẹ̀, obìnrin kan nawọ́. Òun ni gbogbo wọn ń pè ní Sísí Kọ̀ǹpútà, nítorí òun ló ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Ó ti di ọdún karùn-ún tó ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ṣì kà á sí: ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á, ẹnu lásán ni wọ́n sì lè fi lé e lọ. Baba rẹ̀ tí ojú ń dùn wà nílé, iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ àwọn méjèèjì.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," ó ní, "kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ara ògiri yẹn náà ló ti ń gbaná. Bó bá sì ń ṣe ségesège lọ́jọ́ kan, ó yẹ ká lè yọ ọ́."

Ọ̀gá Àgbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, sà."

"Máa tún kọ̀ǹpútà ṣe nígbà náà. Má tún èmi ṣe."

Igbákejì pàtẹ́wọ́ títí ìpàdé fi tú ká.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni bíríkìlà dé. Ó po sìmẹ́ńtì, ó dí ihò iná gbogbo, ó sì rẹ́ ojú wọn dán. Nígbà tó dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó béèrè ohun tí òun yóò ṣe sí ihò tí orí wáyà ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ní, "Dí i mọ́ ọn níbẹ̀." Bíríkìlà sì sin orí wáyà kọ̀ǹpútà sínú ògiri bí ẹni sin òkú. Ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Bí ọjọ́ kejì ṣe mọ́, àmì bátìrì fóònù Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ pupa fòò. Kí ló fẹ́ yà wá lẹ́nu níbẹ̀? Fóònù tó jẹ́ pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ àwòrán ẹni tó ni ín nìkan ló ń yà, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́ ni? Ó wo ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ògiri dán, kò síhò. Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀, ó wá rántí pé ara ògiri ni òfin òun dárúkọ, kò dárúkọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan sì wà lórí tábìlì rẹ̀ tí kò tíì tẹ̀ rí, ọ̀ṣọ́ ló fi ṣe, aṣọ léèsì ló fi bò ó lórí. Ó mú okùn fóònù rẹ̀ jáde, okùn aláwọ̀ wúrà tí Igbákejì fi ta á lọ́rẹ. Ó ki orí kan bọ fóònù, ó ki èkejì bọ ihò iwájú kọ̀ǹpútà, ó káwọ́ gbera, ó ń retí.

Fóònù kò gbaná. Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀ nígbà tó ki okùn bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, mẹ́sàn-án ti di mẹ́fà.

"Wọ́n ti dìtẹ̀ mọ́ mi!" ló pariwo.

Kí á tó ṣẹ́jú, ìgbìmọ̀ ti jókòó. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ìgbìmọ̀ Alágbára Tí Ń Wádìí Ìdí Tí Fóònù Ọ̀gá Àgbà Fi Kọ Iná Ìjọba. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, láìka Igbákejì tó jẹ́ alága wọn. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Omi ń ya níwájú ilé-ìwé, àgbà mọ́kànlá jókòó yí fóònù kan ká, wọ́n ń wú ikọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí wọn kalẹ̀: àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ló ń mu iná tó yẹ kó wọ inú fóònù Ọ̀gá. Nítorí náà, kí wọ́n pa gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan fóònù Ọ̀gá Àgbà, ìbáà ṣe pé fóònù náà ń jábọ́ lọ. Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ sí méjèèjì.

Ni gbogbo iṣẹ́ bá dúró. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tí páìpù bẹ́ níwájú rẹ̀ wọlé, bàtà rẹ̀ ń dún ṣàpà-ṣàpà, ó ní òun wá béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa wá tún un ṣe.

"Ẹ padà wá lọ́la, mà," ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wí. "Fóònù Ọ̀gá ń gbaná lọ́wọ́."

"Fóònù ń gbaná?" ẹnu ya ìyá náà. "Ṣé omi ni fóònù ọ̀hún ń mu ni?"

Ó gbọn omi bàtà rẹ̀ dà sí ẹnu ọ̀nà, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́rú, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n pa, fóònù ti di méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà náà ni wọ́n tó ránṣẹ́ pe Sísí Kọ̀ǹpútà. Ó wọlé, ó na ọwọ́ sí fóònù náà.

"Má fọwọ́ kàn án!" Igbákejì fò dìde, ó sì ka òfin sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Sísí ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó fi ẹnu ṣe é. "Okùn yìí, ṣé ó ti ṣiṣẹ́ lára kọ̀ǹpútà mìíràn rí?"

"Okùn wúrà ni!" Igbákejì dáhùn, inú ń bí i.

"Wúrà kọ́ ni mo béèrè, sà. Òmíràn wà tó jẹ́ ojú lásán ló ní. Ihò iwájú tí ẹ ki okùn bọ̀ yìí náà, iná rẹ̀ kò tó nǹkan. Tí ẹ bá sì fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, ó máa ń sùn ni, bó bá sì ti sùn, kì í fún fóònù níná mọ́."

"Ó ń kí ni?" Ọ̀gá Àgbà dìde dúró. "Ó ń sùn? Lẹ́nu iṣẹ́? Nínú ọ́fíìsì mi? Ẹ kọ ìwé ìbáwí fún un!"

Ẹ má rò pé mo ń fi kún un. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí fún kọ̀ǹpútà, wọ́n fún un ní wákàtí mẹ́rìnlélógún láti fèsì, wọ́n sì fi sábẹ́ aṣọ léèsì rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà wá yíjú sí Sísí. "Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́la ni Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ nínú ọ́fíìsì yìí. Inú fóònù yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá wọn sọ wà, ojú ìwé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Bí fóònù mi kò bá gbaná lára kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó wọlé, máa lọ sílé, kí o má sì padà wá mọ́."

Bí Sísí ṣe délé, ó jókòó ti oúnjẹ. Baba rẹ̀, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún rédíò ṣe kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, gbọ́ bí síbí rẹ̀ ṣe ń dún lára àwo láìdé ẹnu.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?"

Ó rò fún un. Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ti ìwé ìbáwí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ti lílé, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá," Sísí wí. "Ọdún márùn-ún! Nítorí okùn!"

"Má sunkún. Kí ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ?"

"Pé kí n wo ibi tó rọrùn kí n tó lọ wo ibi tó le."

"O ti wo inú ihò fóònù ọ̀hún fúnra rẹ̀? Àpò ni àwọn ọ̀gá ń sọ fóònù sí, àpò kì í sì í ṣaláìní ìdọ̀tí."

"Wọn ò gbà kí n fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

"Igi ìtayín kì í ṣe ọwọ́," baba ní.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ mọ́, Igbákejì fi áńkáṣíìfù funfun gbé fóònù dání bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, Sísí sì rọra ki igi ìtayín sínú ihò rẹ̀. Ẹ wá wo nǹkan! Òwú àpò jáde. Ẹ̀rúnrún bisikíìtì jáde. Òwú tún jáde, ó dì bí ẹni pé ẹyẹ fẹ́ yé sínú rẹ̀. Igbákejì ní ẹ̀rúnrún náà kì í ṣe ti Ọ̀gá, àwọn ọ̀tá ló kó o síbẹ̀. Ó yọ okùn dúdú tirẹ̀ láti inú báàgì, ó tì í bọ ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà níbi tí iná ti pọ̀, ó yí ètò kọ̀ǹpútà padà kó má baà sùn, ó ní kí Igbákejì ki orí kejì bọ fóònù.

Fóònù dún: tín! Àmì iná yọ lójú rẹ̀. Sísí mí kanlẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ Kọmíṣọ́nnà ń wọ ọgbà. Lójú kan náà, ìbéèrè kan yọ sójú fóònù. Sísí sún mọ́ tábìlì wéré.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ nǹkan. Ó ń béèrè bóyá kí kọ̀ǹpútà rí gbogbo ohun tó wà nínú fóònù yín. Rárá ni kí ẹ tẹ̀, sà. Yóò ṣì máa gbaná lọ. Kọ̀ǹpútà yìí wà lára tẹlifíṣọ̀n ara ògiri yẹn, tí ẹ bá tẹ Mo Gbà, gbogbo àwòrán yín…"

"Dákẹ́!" Ọ̀gá Àgbà na ìka rẹ̀ sí i. "Ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí mo máa tẹ̀? Ọ̀gá tó bá ń wí pé rárá, ọ̀gá wo nìyẹn? Àwa là ń gbà fún ènìyàn!" Ó gbé ìka sókè kí gbogbo yàrá lè rí i, ó tẹ Mo Gbà. "Mo fọwọ́ sí i!"

Igbákejì pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá pàtẹ́wọ́. Sísí fẹ̀yìn ti ògiri.

Kọmíṣọ́nnà wọlé. Màmá àgbàlagbà kan ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín tí kò bá sí ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Ó jókòó síwájú, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ páìpù ni mo bá wá."

"A ó débẹ̀, mà, a ó débẹ̀!" Ọ̀gá Àgbà gbé fóònù. Okùn kúrú, nítorí náà ó ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí ó tó lè rí i kà. Ó kọ̀ láti yọ ọ́, iná náà kò tíì ju márùn-ún lọ. "Ìyá rere! Oòrùn tí kì í wọ̀! Omi tútù ilé-iṣẹ́ omi! Nígbà tí mo bá ń sùn, ẹ̀yin ni mò ń lá, nígbà tí mo bá jí…"

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ adìẹ, ara ò rọ okùn. Ó ti dé ojú ìwé kẹrìndínlógún nígbà tí kọ̀ǹpútà kó àwòrán inú fóònù rẹ̀ tán, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà níwájú díńgí. Ọ̀gá Àgbà níwájú díńgí, ó fẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá Àgbà lórí àga Kọmíṣọ́nnà, nínú ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì Kọmíṣọ́nnà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára, ó tún gbé ohùn sókè.

Fídíò wá bẹ̀rẹ̀. Ohùn Igbákejì ló kọ́kọ́ jáde: "Ẹ sún díẹ̀ sápá òsì, Kọmíṣọ́nnà wa tuntun!" Ohùn Ọ̀gá Àgbà tẹ̀lé e gbùù: "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Mo dúpẹ́ pé ẹ ti lé arúgbó yẹn lọ sílé! Obìnrin tó ń tòògbé nípàdé! Páìpù tó bẹ́ lẹ́bàá ilé-ìwé, ta ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni? Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí ojú lè tì í, kí wọ́n lè yọ ọ́!"

Ọ̀gá Àgbà yíjú padà, ó rí ara rẹ̀ lára ògiri, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ.

"Ẹ pa á! Ẹ yọ kọ̀ǹpútà yẹn lára iná!"

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sáré lọ sídìí ògiri. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n bá. Ọ̀kan ń fi èékánná họ ọ́, òmíràn ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbẹ́ ẹ.

"Ọ̀gá!" Sísí kígbe. "Ẹ yọ okùn tó wà lára fóònù ọwọ́ yín! Ìyẹn nìkan ló kù!"

"Má fọwọ́ kàn án!" ó di fóònù mọ́ àyà. "Mọ́kànlélógún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ṣẹ́kù!"

Bẹ́ẹ̀ ni fídíò náà ṣe lọ títí tó fi parí, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ tó wà níparí rẹ̀.

Igbákejì ló kọ́kọ́ rí ohùn sọ. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ a máa di ohunkóhun mú. "Obìnrin yìí ni!" Ó nàka sí Sísí. "Òun ló gbé okùn wá! Òun ló ki okùn bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà! Ó tan Ọ̀gá jẹ ni, mà!"

Kọmíṣọ́nnà yíjú. "Ìwọ ni?"

Sísí bọ́ síwájú. "Èmi ni mo ki okùn bọ̀ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé Rárá ni kí wọ́n tẹ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

Ènìyàn mọ́kànlá ló gbọ́ ọ. Àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá ń wo ilẹ̀. Sísí wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì rántí baba rẹ̀ nílé.

Kọmíṣọ́nnà kọjú sí Ọ̀gá Àgbà. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ṣé ọmọ yìí ló tàn yín, tí ẹ fi tẹ ohun tí ẹ kò mọ̀?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ilẹ̀kùn ló ṣí gbayawu sílẹ̀ fún un yẹn. Kó sáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni, Sísí á dèrò ilé, òun á di ẹni tí wọ́n ṣe níbi, wọn á tún máa bá a kẹ́dùn. Igbákejì ń ṣẹ́jú sí i títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà wo Sísí, ó wo bàtà rẹ̀ tó ti jẹ, ó wo báàgì rẹ̀ tí wáyà ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Kí èyí tan òun? Ara rẹ̀ kò gbà á. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, ẹ kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Tàn mí?" Ó fẹ àyà. "Ta ni? Èyí? Òṣìṣẹ́ ojúmọ́? Mà, láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé-iṣẹ́ yìí, a kò tíì bí ẹni tí yóò tàn mí! Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ Rárá, mo ní kó dákẹ́! Mo mọ ohun tí mo tẹ̀, ó yé mi yékéyéké, ìka ara mi ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́!"

"Ó dáa," Kọmíṣọ́nnà wí. Ó sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu, kó má yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí Ọ̀gá Àgbà àti Igbákejì rẹ̀ máa lọ sílé nísinsìnyí, kí wọ́n retí ìwé lẹ́yìn. Ó ní kí àwọn tó ń tún páìpù ṣe gbé irinṣẹ́, kí wọ́n bá òun lọ síwájú ilé-ìwé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Sísí.

"Ìwọ, padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Tan àwọn kọ̀ǹpútà yẹn kí àwọn ènìyàn ríṣẹ́ ṣe."

Sísí jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó pe ilé.

"Bàbá, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ o."

"Háà, ọpẹ́ o! Ta ló bá ọ bẹ̀bẹ̀?"

"Ọ̀gá fúnra wọn ni, Bàbá."